Kí Munirah Tó Fọ Wàláà Rẹ̀

Àtìní, 13 oṣù Kìíní

Ọyẹ́ mú lónìí débi pé ètè mi ya nígbà tí mo ń pe orúkọ àwọn ọmọ.

Wọ́n kó àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tí a ó máa fi kọ́ ọmọ dé. Ọ̀gá wa, Mísìs Olúwọlé tó ni ilé ẹ̀kọ́ yìí, kó gbogbo àwa olùkọ́ jọ lẹ́yìn àsẹ́ńbílì, ó sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan hàn wá tí iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà rán wá. Tìmílẹ́yìn ni ó ń jẹ́. Ó wọ bàtà funfun wá sínú ọgbà tí eruku rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò tíì kọ́ ọmọ kankan níwèé rí.

Ó ní gbogbo ẹ̀kọ́ sáà yìí ló ti wà nínú ẹ̀rọ, láti ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ máa kọ́kọ́ sọ títí dórí ó dàbọ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kí a kà fún àwọn ọmọ. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni ẹ̀kọ́ kan. Tó bá pé, kí a tẹ “Ó ti parí”, ẹ̀rọ á sì ṣí ẹ̀kọ́ tó kàn. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lásìkò, àmì àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá pẹ́, pupa. Ọ̀gá á sì máa wo gbogbo rẹ̀ lórí fóònù láti orí àga rẹ̀.

Mo ní, “Tí àwọn ọmọ ò bá tíì mọ̀ ọ́n ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. “Ẹ má ṣèyọnu, Mà. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì máa tún un mẹ́nu bà. Wọ́n ti ro gbogbo ìyẹn mọ́ ọn.”

Àwọn wo ni “wọ́n”? Mi ò béèrè, torí Ọ̀gá ti ń fojú bá mi wí. Òun náà wá là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí pupa bá pọ̀ jù fún nígbà tí sáà bá parí, òun á gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Mísìs Àlàó, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú wa. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ fi àpẹẹrẹ lélẹ̀.”

Ó di ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé, mọ́kànlá nínú rẹ̀ níbí. Praimárì Kejì ni mo máa ń gbà, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀wéé kà, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, á máa fara pamọ́. Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè máa rí i: wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi.

Àlàrùbá, 15 oṣù Kìíní

Mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀wọ́n. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín lẹ́ẹ̀mejì.” Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ahmad, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, “Àǹtí, ṣé ara yín ò yá ni?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ẹ̀rín síbẹ̀.

Ọmọ tuntun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Munirah. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni láàárín àwọn ọmọ ọdún méje. Abúlé kan lẹ́yìn Malete ni wọ́n ti kó wá, ìyá rẹ̀ sì ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní ọjà Ìpàtà. Mo fi lẹ́tà kan hàn án, ó wo ojú mi kó lè mọ èyí tí mo fẹ́ kó pè. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ tí mo ti rí. Wọ́n máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dé ibẹ̀ tí èèyàn bá dúró dè wọ́n. Ibi tí mo ti ń ronú bóyá kí n dúró ni ẹ̀rọ ti ké pé àsìkò ti tó.

Mo dúró. Ó di pupa.

Àlàmísì, 23 oṣù Kìíní

Pupa mẹ́rin. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì.

“Mísìs Àlàó, Ayọ̀mípọ̀sí tó wà ní Praimárì Kìíní lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọmọ àná, kò ní pupa kankan.”

Mo ní Ayọ̀mípọ̀sí ń ka ohun tó wà níbẹ̀ ni, kò dúró wo ẹni tó ń gbọ́.

“Ohun tí mo ní kó ṣe náà nìyẹn.” Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún. “Ilé ẹ̀kọ́ méjì ló ṣí ní Táńkè láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀rọ. Àwọn òbí ń kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀, Mísìs Àlàó. Tí ilé ẹ̀kọ́ yìí bá tì pa, ibo lẹ máa dúró sí kọ́ wọn?”

Èèyàn burúkú kọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́, torí ì bá tù mí lára kí n lè bú u.

Sàbítì, 25 oṣù Kìíní

Bàbá mi jókòó sórí awọ àgbò rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bíi gbogbo àárọ̀ Sàbítì. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú tí mo sì ti padà sí agbo ilé wa ní Pàkátà, òun ni mo ń rojọ́ fún. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá báyìí. Ó ti ṣíwọ́ ilé kéwú láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n àwọn wàláà ṣì wà lára ògiri, pákó tí àwọn ọmọ fi ń kọ kéwú, gbogbo etí wọn ti dán.

Mo ròyìn ẹ̀rọ náà fún un. Ó gbọ́ ọ dópin kó tó sọ̀rọ̀.

“Ọmọ ò tíì kà á já, ìwọ sì fọ wàláà rẹ̀?”

“Èmi kọ́, Bàbá. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́.”

“Ta ló kọ ọ́ fún ọmọ?”

“Ẹ̀rọ náà ni.”

“Ta ló wá ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ?”

Mo gbójú sókè wo àwọn wàláà ara ògiri.

“Bàríkísù, ẹni tó bá kọ ọ́ fún ọmọ náà ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bí a ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn. Wallahi, ìyókù làálàá lásán ni.”

Mo rántí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ọjọ́ méjìlélógún ni wàláà kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fọ tiwọn, wọ́n ń gba òmíràn, èmi ń sunkún. Bàbá ò nà mí, kò sì jẹ́ kí n fọ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí, “Wá kà á fún mi.” Ọjọ́ tí mo kà á já, òun fúnra rẹ̀ ló bu omi fún mi.

Àtìní, 27 oṣù Kìíní

Káfíńtà tó wà lẹ́yìn ilé wa fún mi ní àjákù pákó mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo kùn wọ́n ní dúdú, mo kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn tirẹ̀. Mo gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi kan sí igun kíláàsì.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Mo ń ka ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo wá ń dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ibi tó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí pákó rẹ̀. Ẹni tó bá lè kà á já fún mi, á fọ pákó rẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì, á gba òmíràn. Ẹni tí kò bá lè kà á, á padà lọ jókòó tì í. Tí ìṣẹ́jú márùndínlógójì bá pé, mo ń tẹ “Ó ti parí”, mo sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Àtàláátà, 4 oṣù Kejì

Àwọ̀ ewé láti ọjọ́ Àtìní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

Àtìní, 10 oṣù Kejì

Ọmọ mọ́kànlá ló fọ pákó lónìí! Ahmad fọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì da omi sára gbogbo ayé. Wọ́n ti ń pe pákó náà ní wàláà fúnra wọn, títí kan Àánúolúwapọ̀ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀ ní Gáà-Àkàńbí. Mo rò pé bàbá rẹ̀ máa wá bá mi jà. Ó wá lóòótọ́. Ohun tó bá wá ni pé ṣé mo lè ṣe ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n ọmọ náà.

Ara mi yá bíi ti ọmọ ogún ọdún nígbà tí mo ń wọ kẹ̀kẹ́ relé.

Ayọ̀mípọ̀sí gbọ́ ariwo omi láti kíláàsì rẹ̀. Ó yọjú, ó rí báàkẹ́ẹ̀tì, ó rí ẹ̀rọ tó dojú délẹ̀. “Àǹtí, tí Ọ̀gá bá mọ̀ ńkọ́?” Mo ní ìwọ nìkan ló lè sọ fún un. Ó ní, “Háà, Àǹtí, èmi ṣe wèrè ni?” Ó dúró wò wọ́n díẹ̀, ó padà síbi ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Yunifásítì Malete ni ó ti kàwé, ẹnì kankan ò sì kọ́ ọ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ọmọ.

Àlàmísì, 13 oṣù Kejì

Tìmílẹ́yìn wá bẹ̀ wá wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo fi bébà bo báàkẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ sì jókòó lé wàláà wọn láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn. Mo ti kọ́ wọn nírọ́, mo rí i lójú wọn pé wọ́n tiẹ̀ ń gbádùn ẹ̀.

Ó ní kí ọmọ mẹ́ta kàwé. Wọ́n kà á geere. Ó yà wọ́n ní fọ́tò, ó kọ nǹkan sórí fóònù rẹ̀, ó ní, “Mà, nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń bójú tó ní Ìlọrin, ẹ ò lẹ́gbẹ́. Ẹ ò ṣe nǹkan kan kọjá ohun tó wà nínú rẹ̀, àbí?”

Mo ní rárá.

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sẹ́ ẹ lọ́la: inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Àlàrùbá, 19 oṣù Kejì

Gbogbo wọn ló ti fọ wàláà lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, àyàfi Munirah. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé. Ìtàn ewúrẹ́ kan tó wọ inú ọjà ni, ìlà mẹ́fà péré. Tó bá ti dé ìlà kejì, á gbójú sókè wò mí. Mo ti kọ́ láti má ṣe jẹ́ kí ojú mi sọ nǹkan kan.

Lónìí, ó fi wàláà rẹ̀ sábẹ́ aṣọ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí i pé èyí àtijọ́ náà ni. Mo rí i. Mo jáde síta, mo dúró sábẹ́ igi dóńgóyárò wa, mo sunkún díẹ̀. Ta ló sọ pé ohun tí Bàbá ṣe fún mi ló dáa fún un? Bóyá ìyà ni mo fi ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá rẹ̀ wá mú un. Ata ṣì wà lápá rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un, mo sì ní tó bá fẹ́, mo lè kọ òmíràn fún un bó ṣe wà yẹn. Ó ní, “Rárá o, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó jókòó tì í. Ní abúlé wa, wọ́n gbé e láti kíláàsì dé kíláàsì, ẹnì kan ò sì bi í léèrè ohun tó mọ̀.”

Àtìní, 3 oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ ọjọ́ kẹta. Oòrùn yìí fẹ́ pa wá. Kò síná láti Jímọ̀, páànù kíláàsì ń ta pàpàpà lórí wa, yìnyín sì ti di ohun tí à ń tò fún. Ẹ̀rọ kú sí mi lọ́wọ́ ní aago mẹ́wàá. Mo fi gbogbo ọjọ́ kọ́ wọn láìfi nǹkan kan pamọ́, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí i bí iṣẹ́ yìí ṣe dùn tó.

Àlàrùbá, 12 oṣù Kẹta

Munirah kà á.

Mi ò retí rẹ̀ lónìí. Òùngbẹ ń gbẹ mí, orí ń fọ́ mi, mo fọwọ́ lẹ́rán, mo ní, “Ó yá, wá kà á.” Ó dúró níwájú mi. Kò wo ojú mi. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì ń fà á lọ títí tí ewúrẹ́ fi wọ ọjà, tó fi jẹ ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́, tí wọ́n fi lé e jáde. Ibi ìlà karùn-ún, ó ṣì í, ó dúró, òun fúnra rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó tún un ṣe. Kò wo ojú mi níbẹ̀ náà!

Ahmad ló kọ́kọ́ kígbe. Gbogbo wọn bá dìde, wọ́n sìn ín lọ sídìí báàkẹ́ẹ̀tì. Ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí pákó fi dúdú bọ̀lọ̀jọ̀, ó gbé e wá fún mi pẹ̀lú omi tó ń kán lára rẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ kọ òmíràn.”

Mo sọ fún Bàbá nígbà tí a ń ṣínu. Ó ní, “Alhamdulillahi,” ó sì ní kí wọ́n bá òun fi dàbínù mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọmọ náà.

Àlàmísì, 20 oṣù Kẹta

Ọ̀gá pè mí, ó gbá mi mọ́ra. Iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ kọ̀wé sí i pé Praimárì Kejì wa ló ṣe dáadáa jù. Kò sí pupa láti ìparí oṣù Kìíní, àwọn ọmọ sì ń kàwé. Wọ́n fẹ́ pe àwọn òbí jọ lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ kan jáde tí kò mọ nǹkan kan nígbà tó dé. “Munirah,” ni Ọ̀gá wí. “Ẹ wo bí ẹ̀rọ yìí ṣe ṣí ọmọ yẹn lójú!”

Mo rò ó pé tí kíláàsì bá ti fìdí múlẹ̀ lọ́wọ́ mi, màá ṣàlàyé.

Ẹ̀rù kan ti bà mí láti ìgbà yẹn, mi ò sì fẹ́ wò ó lójú.

Àtìní, 31 oṣù Kẹta

Ọdún. Bàbá wọ agbádá funfun, ó ní òun ń gbọ́ òórùn òjò. Kò rọ̀.

Àlàmísì, 3 oṣù Kẹrin

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀, kí àwọn òbí tó dé, Munirah ka tirẹ̀, ó fọ̀ ọ́, mo sì kọ òmíràn fún un, ìlà mẹ́sàn-án, ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń dúró de bàbá rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Èyí tó gùn jù tí mo ti kọ fún un nìyẹn. Ó ní, “Háà, Àǹtí!” ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní aago mọ́kànlá, wọ́n to àga sábẹ́ tẹ́ǹtì. Tìmílẹ́yìn gbé ẹ̀rọ lé Munirah lọ́wọ́. Ó ka ìtàn ewúrẹ́ náà níwájú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ fi ìborùn bojú, ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Ọ̀gá wá gba ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ó ní, “Ẹ̀yin òbí wa, ẹ ti fojú ara yín rí i. Ní sáà tó ń bọ̀, a ó kó Praimárì Kìíní, Ìkejì àti Ìkẹta pọ̀ sínú gbọ̀ngàn kan, pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ ńlá lára ògiri. Mísì Ayọ̀mípọ̀sí ni yóò máa darí rẹ̀.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tiwọn dún ju tèmi lọ.

Kò dárúkọ mi.

Mo ń wo Ayọ̀mípọ̀sí. Òun náà ń wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rí i nísinsìnyí. Gbogbo ọjọ́ tí mo tẹ bọ́tìnnì yẹn, èmi ni mò ń kọ̀wé sí Ọ̀gá pé ẹ̀rọ tó, pé kò nílò mi.

Àtàláátà, 8 oṣù Kẹrin

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá.

Mo ní, “Mà, ẹ̀rọ kọ́ ló kọ́ wọn. Ẹ̀rọ wà ní ẹ̀kọ́ kẹtàdínlọ́gọ́ta. Ọmọ tó wà níwájú jù nínú kíláàsì mi wà ní ìkejìlélógún. Munirah wà ní ìkẹta.” Mo sọ fún un nípa wàláà, nípa báàkẹ́ẹ̀tì, nípa bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, “Gbogbo àwọ̀ ewé yẹn, irọ́ ni?”

“Irọ́ ni, Mà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń kàwé lóòótọ́.”

“Mísìs Àlàó, ta ni mo fẹ́ lọ sọ ìyẹn fún? Àwọn òbí ti sanwó sáà tó ń bọ̀ nítorí ohun tí wọ́n rí.” Kò pariwo, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. “Tí ẹ bá purọ́, mo gbọ́dọ̀ lé yín. Tí ẹ ò bá purọ́, ẹ̀rọ ló kọ́ wọn, mi ò sì nílò yín nínú kíláàsì. Èwo lẹ fẹ́ kí n kọ sínú lẹ́tà?”

Ó ní òun ò fẹ́ kí n lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n nílò àgbà obìnrin kan tó máa jókòó sínú bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, kó máa ka iye ọmọ tó wọlé àti iye tó bọ́ sílẹ̀.

Mo ní ọdún mẹ́tàlélógún, Mà. Ó ní òun mọ̀.

Mi ò gbà á. Mo ní kó kọ ọ́ pé mo purọ́. Ó kéré tán, ìyẹn jẹ́ òótọ́.

Jímọ̀, 11 oṣù Kẹrin

Ìparí sáà. Mo dá tábúlẹ́ẹ̀tì padà fún Tìmílẹ́yìn. Ó nu ojú rẹ̀ dáadáa, ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé. Ó ní, “Mà, ẹ máa gbádùn ìsinmi o.” Kò mọ nǹkan kan. Mo gbàdúrà fún un, mi ò mọ ìdí.

Ayọ̀mípọ̀sí wọlé wá bá mi níbi tí mo ti ń kó ẹrù. “Àǹtí, ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan?” Mo ní o ò lè gbọ́ wọn. Ó jókòó sórí àga ọmọdé, ó ń sunkún, èmi tí wọ́n lé ni mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Munirah dúró títí gbogbo wọn fi lọ. Ó gbìyànjú ìtàn ibùdókọ̀ náà, ó dé ìlà kẹfà, ó há. Mo ní kó gbé wàláà náà lọ sílé. Mo ní, “Má fọ̀ ọ́ o. Èmi ló kọ ọ́, èmi ni màá gbọ́ ọ.”

Ó ní, “Ṣé ẹ máa wá?”

Mo ní màá wá. Irọ́ ti mọ́ mi lára.

Àtìní, 28 oṣù Kẹrin

Wọ́n wọlé lónìí. Mo jí ní àsìkò tí mo máa ń jí, mo múra tán, mo wá rántí. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ títí oòrùn fi yọ. Mo ń bínú, kò sì sí ẹni tí mo lè bínú sí ju ara mi lọ.

Àlàrùbá, 30 oṣù Kẹrin

Mo gba ojú ọ̀nà Táìwò lọ sí Ọjà-Ọba. Wọ́n ti gbé pátákó ńlá kan sí ìta ilé ẹ̀kọ́. Fọ́tò Munirah ni, tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà láàárín sáà kan. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú kẹ̀kẹ́ ní, “Ayé ti dé ibi gíga o.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sàbítì, 3 oṣù Karùn-ún

Òjò rọ̀ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ sì tutù. Mo wà lọ́dọ̀ Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìyá Munirah wọlé, ó fa ọmọ lọ́wọ́. Munirah di wàláà mọ́ àyà, ó fi ọ̀rá wé e kí òjò má baà pa á.

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ gáfárà kó tó sọ ohun tó ṣe. “Àǹtí, ọmọ yìí fẹ́ pa mí. Wọ́n ní kí gbogbo wọn kó pákó wọn wá kí wọ́n kó o dànù. Ó kọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ kí n fi nǹkan lé e, ó bú sẹ́kún. Ó ní ẹ ò tíì gbọ́ ọ.”

Mo ní, “Ó yá, wá kà á.”

Ó dúró níwájú mi, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ṣọ́ọ̀kì ti pa rẹ́ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹfun kọ ọ́ padà, lẹ́tà kan lórí ìkejì, níbi tí mo kọ ọ́ sí gan-an. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kò há. Bàbá ń mi orí bó ṣe máa ń ṣe látijọ́ bí ọmọ bá kà á já.

Mo bu omi sínú abọ́ fún un. Ó fọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ nù ún, ó gbé e fún mi. “Ẹ kọ òmíràn.”

Ṣọ́ọ̀kì ti wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ìyá rẹ̀ di apá mi mú.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n yọ ìdajì owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítorí fọ́tò yẹn. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé kò sẹ́lòmíì tó máa kọ́ ọ, pé àfi ẹ̀rọ nìkan. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mo mú un wá síbí...” Kò parí rẹ̀. “Ata ni mò ń lọ, Àǹtí. Mi ò lè san gbogbo rẹ̀.”

Mo bi Munirah pé ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n wà ní gbọ̀ngàn báyìí. Ó ní òun ò mọ̀, pé ẹ̀yìn ni òun ń jókòó sí, pé àwòrán rẹ̀ máa ń yára lọ.

Tí mo bá kọ ọ́, èmi ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Tí mo bá kọ ọ́ tí mi ò sì lè gbọ́ ọ, yóò jókòó tì í, yóò máa fi ẹfun tún un kọ, yóò máa dúró dè mí. Mo mọ ọmọ náà. Kò ní fọ̀ ọ́ láé.

Mo dá a padà fún un bó ṣe wà. Ó wo iwájú rẹ̀, ó yí i wo ẹ̀yìn níbi tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó wá gbójú sókè wò mí, bó ṣe máa ń wò mí ní oṣù Kìíní, kó lè mọ ohun tó yẹ kó sọ.

Nígbà tí wọ́n ti jáde lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá ní, “Kí lo kọ fún un?”

Mo ní mi ò kọ nǹkan kan, Bàbá. Òfìfo ló gbé lọ.